Màmá Ò Dúró Dè Wá

Lọ́sàn-án Sátidé, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo ṣì máa ń wo ọ̀nà tí Màmá ń gbà bọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀kadà tí à ń pè ní sémì níbí ló máa ń jókòó sí, á kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbé báàgì ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lé itan. Gbogbo ìjọ wa ló ń pè é ní Màmá.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kodjoviakopé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá. Lomé ni wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà síbí. Faransé ni wọ́n ń sọ nílé-ìwé, Mina ni wọ́n ń sọ lóde, Yorùbá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ìyá fi ń bá wọn wí nìkan. Èmi kọ́ ni olùkọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá yàrá, kí n to bẹ́ǹṣì, kí n sì nu pátákó. Bẹ́ẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Mo lè jókòó sẹ́yìn kí n máa gbọ́ ohùn Màmá, láìsí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan kan.

Àlọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á ní, "Ààlọ́ o," àwọn ọmọ á ní, "Ààlọ̀." Á pa àlọ́ náà tán, á wá dákẹ́ kí wọ́n já a. Bó ṣe máa ń dákẹ́ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Á ká ọwọ́ sórí itan, á máa wo àwọn ọmọ lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ní òun ń lọ tọ́jú ara ni, òun máa padà, kí n má jẹ́ kí kíláàsì náà tú. N kò lè sọ fún un pé ẹnu mi kì í là níwájú èèyàn, kódà níwájú ọmọdé.

Àbúrò mi obìnrin ló mú ìmọ̀ràn wá: kí Màmá máa sọ ẹ̀kọ́ sínú fóònù lọ́hùn-ún, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, kí n sì fi sípíkà kékeré gbé e jáde fún àwọn ọmọ. Inú mi dùn. Màmá á wà níwájú, èmi á wà lẹ́yìn, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so fóònù mọ́ sípíkà láìsí okùn. Ìka tí mo fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, ṣe ni mo ń fà á sẹ́yìn lójú fóònù.

Ó ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe iná o. Kò ní jó yín."

Sátidé tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, mo gbé sípíkà sórí bẹ́ǹṣì. Ohùn Màmá jáde, ó ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọmọ mi." Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. Màmá ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò ní kí wọ́n dìde. Ó ní, "Ààlọ́ o." Kí wọ́n tó lanu, ó ti pa àlọ́ náà, ó ti já a fúnra rẹ̀, ó ti bọ́ sórí òmíràn.

Ọmọbìnrin kan wo ẹ̀yìn láti orí ìkúnlẹ̀. Tàtí ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àǹtí nílé-ìwé wọn.

"Tàtí, Màmá ò dúró dè wá."

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kí ohùn dúró. Ṣùgbọ́n kí ìka mi tó débẹ̀, ìdajì ìdáhùn á ti jáde. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyá kan ní tó bá jẹ́ ti fóònù ni, ọmọ òun ní fóònù nílé.

Mo wá tẹ àmì tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù mọ́lẹ̀. Mo sọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un sọ. Níkẹyìn mo bẹ Màmá pé tó bá ti pa àlọ́, kó jọ̀ọ́ dúró díẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ dáhùn.

Ó fèsì. "Ta ni kí n dúró dè, ọmọ mi? Ògiri ni mò ń wò níbí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ò lè gbé mi dé Lomé mọ́. Ìwọ ni kó o pa àlọ́ náà fún wọn. Kó o wá fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi, kí n gbọ́ wọn."

Mo gbọ́ ọ, mo tún un gbọ́. Ibi tó ti rẹ́rìn-ín ni mo máa ń dá a padà sí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù sórí bẹ́ǹṣì, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì dúró síwájú. Àwọn tó ṣẹ́ kù kí mi, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan dọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni kí n ní kí wọ́n dìde.

Mo ní, "Ààlọ́ o." Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn. Mo pa àlọ́ tí Màmá fúnra rẹ̀ ṣe fún àwa ará Lomé, pé kí ló ń sáré bọ̀ wá kí wa lójoojúmọ́, tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á padà sẹ́yìn? Mo wá dákẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdáhùn rẹ̀ fún wọn, mo gbé e mì. Lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, òkun ń dún. Ọmọ kan sọ ọ́ ní Faransé, àwọn yòókù fi í ṣẹ̀sín. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló wá ní, "Ìgbì òkun ni, Tàtí."

Mo fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí Màmá. Àmì abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan, kò tíì di méjì tó máa fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní iná ti lọ lọ́dọ̀ àwọn, fóònù Màmá sì ti kú. Èmi náà ń gbọ́ ọ tí mo bá ń ránṣọ. Lẹ́yìn àlọ́ náà, àyè kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ nǹkan kan, tí àwọn ọmọ kò sì tíì dáhùn. Tó bá débẹ̀, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí máṣíìnì, bí ẹni pé Màmá ló fẹ́ sọ̀rọ̀.