Ọjọ́ tí Mo Ti Ara Mi Mọ́ta

Láti orí àga mi ní Sángo ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà wọnú àwọn ẹ̀rọ fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sáwọn ilé-iṣẹ́, láti Ìjòkó títí dé Adó-Odò. N kì í fẹsẹ̀ débẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ́ pa ojú ọ̀nà kan tẹ́nikẹ́ni ò lò lára ẹ̀rọ Àtàn. Ìwàǹwára mi ò jẹ́ kí n wò ó dáadáa: ọ̀nà témi fúnra mi gbà wọlé ni mo pa. Íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè padà wọlé mọ́ láti Sángo.

Ọ̀gá wa obìnrin ò bá mi wí. Ó gbé láptọ́ọ̀pù, ó gun ọ̀kadà nínú òjò lọ sí Àtàn, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ṣí ọ̀nà fún mi. Nígbà tó padà dé Sángo, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀.

"Dìde," ó ní, ó ń nu ẹrẹ̀ bàtà ẹ̀. "Adó-Odò lèmi ti ṣe tèmi. Ẹni tó lọ ṣí i fún mi ò sọ fẹ́nì kankan títí tó fi fẹ̀yìn tì."