Díẹ̀ Tó Kù fún Bíbọ̀ Wálẹ̀

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀pà panu, kó máa jẹ ẹ́ lọ, kó ṣáà rọra jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tó fi ọkọ̀ òfurufú ogun gun ojú ọ̀run nígbà èwe rẹ̀, tí àtẹ̀gùn ilé wá di òkè ńlá fún un lọ́jọ́ alẹ́.

Jakande ní Ìsọlọ̀ là ń gbé, ní àjà kìíní. Bí ọkọ̀ òfurufú akérò bá ń lọ balẹ̀, fèrèsé wa a máa gbọ̀n. Ọkọ mi kì í gbójú sókè wò ó. Á ní, "Bọ́ọ̀sì nìyẹn." Èyí tó ń wù ú ni ọkọ̀ ogun tó máa ń kọ imú sókè ṣánṣán, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á lọ sọ́run. Ó fẹ́ tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Kò tọrọ nǹkan mìíràn mọ́.

"Ìyàwó mi," á ní, "eré àti gíga, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣé o rántí jangirọ́fà? Ìsàlẹ̀ ló ti ń yára jù. Bó ṣe ń lọ sókè ni eré ń tán lára rẹ̀. Gíga ló ń jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tiwa náà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ń tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó o bá gbé imú rẹ̀ sókè kó tó ní eré, àárín ọ̀nà lapá rẹ ò ti ní ká a mọ́. Kọ́kọ́ sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó o tó gòkè. Má sì lo eré náà tán o. Fi díẹ̀ sílẹ̀ tí wàá fi yí padà."

A gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun òfurufú fẹ́ dánra wò fún ayẹyẹ òmìnira. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pátápátá nìkan lèèyàn ti lè rí ọ̀run ìhà pápákọ̀ òfurufú, dókítà sì ti ní ọkàn ọkọ mi ò lágbára mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ra. Láàárọ̀, á yára rìn já ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á sinmi, á sọ̀ kalẹ̀.

Télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wa a máa pariwo láti ìdí máṣíìnì rẹ̀: "Páílọ́ọ̀tì! Ẹ ti de bẹ́líìtì?"

"Yẹra lójú ọ̀nà, télọ̀, mi ò ní búréèkì!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wọn. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Kò rántí kọ́kọ́ rìn já ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́; àtẹ̀gùn ló dojú kọ tààrà, ó ń gùn ún ní méjì-méjì. Nígbà tí mo bá a lágbedeméjì, ògiri ló dì mú, òógùn bò ó. Mo mú un jókòó. Télọ̀ sáré gbé àga wá.

"Páílọ́ọ̀tì, ta ló fún yín láṣẹ kẹ́ ẹ tó gbéra?"

Ó rẹ́rìn-ín, èémí ń já lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbé imú sókè láìní eré. Àṣìṣe ọmọ iléèwé."

Ọkọ̀ náà tún ń bọ̀. Mo ní, "Ẹ gbára lé mi, kò kù púpọ̀ mọ́." Ó wo àtẹ̀gùn tó kù, ó wò ó pẹ́.

"Bí mo bá lo èyí tó kù yìí, kò ní sí èyí tí màá fi bá ọ sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ lọ. Lọ wò ó fún mi."

Mo lọ. Ọkọ̀ náà fò kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn òrùlé, ó sì gbé imú sókè. Ariwo rẹ̀ gbá mi láyà. Iná ń jó nídìí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kéré bí abẹ́rẹ́. Nígbà náà ló dẹ̀ díẹ̀, ó fẹ̀yìn délẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, oòrùn tàn sí i ní ikùn, ó sì kọrí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò tíì rí ohun tó máa ń tìtorí rẹ̀ fi mí sílẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ náà.

Ọkọ mi ti dijú nígbà tí mo padà dé.

"Ó yí padà?"

"Ó yí padà."

"Ṣé ó lọ́ra níbẹ̀?"

"Ó lọ́ra, bí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wo ilé."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn." A sì jọ sọ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi sùn tí kò jí. Ọmọ wa ọkùnrin mú ìbọ̀wọ́ aláwọ rẹ̀. Ọmọbìnrin wa mú awò oòrùn rẹ̀, ó tóbi fún un, ó ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àga télọ̀ ṣì wà lágbedeméjì àtẹ̀gùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi jogún ìgòkè. Bí mo bá gbọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ ogun náà, màá kọ́kọ́ yára rìn já ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n tó gùn ún. Mo ń fi díẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bọ̀ wálẹ̀, tí mo dé ìdí àga yẹn, kò sí ẹni tó ń bi mí mọ́ bóyá ó yí padà.