Igi Kérésìmesì Tí Mo Gbé Sí Iwájú Ọkọ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ni mo ti dúró sí gáréèjì ní Àkúrẹ́, tí mo gbá páálí gígùn kan mọ́ àyà. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì Igbókọ̀dá yóò gbéra ní aago márùn-ún. Ó gbéra ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré mi. Ẹni tí kò bá kọ ìwà àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀, ọ̀la ni wọn yóò sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Igi Kérésìmesì oníke ló wà nínú páálí náà, gígùn rẹ̀ ju tèmi lọ díẹ̀. Bùọ̀dá Olú, ẹ̀gbọ́n mi, ló rán mi. Igbókọ̀dá ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ló máa ń lọ sí Abereke, níbi tí ìyá wa ń gbé létí òkun, láti ṣe igi ìjọ wa lọ́ṣọ̀ọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa àti iná tó ń ṣẹ́jú. Lọ́dún yìí, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ já lé e lẹ́sẹ̀, ó sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí àwòrán igi kan lórí fóònù, tí gbogbo ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí àwọn tó ń tà á ń pè ní pásítẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọ̀ tó dà bí ẹni pé wọ́n bu wàrà sí i: pupa tó rọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun, búlúù bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, yẹ́lò bí inú ògì àgbàdo.

Ó ní, "Àbúrò, pupa ti sú mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rí níhìn-ín láàárọ̀, lálẹ́. Ṣe irú èyí fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n rí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyá wa mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Aago mẹ́ta ni mò ń bá sáré.

Owó ọkọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Wọ́n tún gba ẹgbẹ̀rún méjì lórí páálí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí itan mi ni mo ní n óò gbé e sí. Nígbà tí a dé Oǹdó, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé e. Títì tó gba Òrè lọ sí Òkìtìpupa kún fún kòtò, epo náà sì ń dà sí páálí lára ní gbogbo kòtò.

Mo ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kúrò lórí ẹrù mi."

Ó dáhùn láìwẹ̀yìn, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Jésù tí ẹ fẹ́ ṣọdún rẹ̀, ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ẹ ò gbọ́ pé ó ṣàròyé."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

A dé Igbókọ̀dá ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Epo ti ba páálí jẹ́, ó fà ya mọ́ mi lọ́wọ́. Igi inú rẹ̀ kò fara gbá nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ tó wà nínú báàgì mi. Mo tú aṣọ funfun tí mo fẹ́ tẹ́ sábẹ́ igi náà, mo fi wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo so ó ní ibi mẹ́ta. Ewé rẹ̀ tútù yọ jáde lórí àti lẹ́sẹ̀. Mo jẹ púpùrù ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ náírà lórí ìdúró, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Fún ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ gbà pé ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun: gbágùúdá ni púpùrù, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á yan án lórí èéfín kí wọ́n tó rò ó. Òun nìkan ni n kò rí ẹ̀sùn kà sí lọ́rùn lọ́jọ́ náà.

Ní èbúté, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Abereke, ẹgbẹ̀rún kan fún ẹrù. Èrò mọ́kànlá ni wá, ẹ̀wù ìléfòó tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, méjì péré ló wà, ọ̀kan kò ní ìdè. Akin ni orúkọ ọlọ́kọ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó mọ ìdílé wa. Ó wo ẹrù mi, ó wo ojú mi.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tẹ́ eléyìí sí ìsàlẹ̀, kí n fi tapólì bò ó."

"Ìsàlẹ̀ wo? Inú omi àti bẹntiróòlù yẹn? Ṣé o mọ irú àwọ̀ tó wà lára nǹkan yìí?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀. Aṣọ funfun, ewé tútù, ní iwájú ọkọ̀... Àǹtí, ẹ̀yin náà ṣáà jẹ́ ọmọ omi."

Mo rò pé ó ń wá àfikún owó ni. Mo ní, "Akin, mo ti sanwó ẹrù. Iwájú ni mo fẹ́."

Ó gbé èjìká sókè. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ sanwó."

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a gbéra. Ewéko ojú omi wé mọ́ ẹ̀ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Akin tẹ̀ sínú omi láti gé e. Ní Àkúrẹ́, bí a bá fẹ́ kí aládùúgbò, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Níhìn-ín, orí òpó ni ilé wà, ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn. A yà sí abúlé Zion Pepe láti sọ àwọn obìnrin méjì kalẹ̀. Bí a ti ń súnmọ́ ibẹ̀, àwọn tó ń yan ẹja dìde dúró. Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Ìyá kan gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ńjìnnì kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo juwọ́ sí wọn, mo tilẹ̀ gbá igi mi pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Mo ní, "Akin, wọ́n fẹ́ràn igi mi."

Ọkọ̀ kan tó ní ẹ̀ńjìnnì ńlá gbéra níbẹ̀, ó sáré kọjá wa, ó sì da omi sí wa lára. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo rí Abereke. Èrò ti kún orí afárá pákó. Ọkọ̀ tó kọjá wa ti so síbẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, àwọn obìnrin ìjọ dì í lápá mú.

"Olú! Olú mi o! Wọ́n ní àwọn á là á, wọn ò ní àwọn á pa á!"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí mo gbé wá. Lórí omi wa, bí wọ́n bá ń gbé òkú bọ̀ láti ọsibítù òkè, aṣọ funfun ni wọ́n ń fi wé e, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn kí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù lè yà fún un, ọmọ ìyá rẹ̀ á sì jókòó tì í. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. N kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Mo kígbe, "Ìyá, igi ni! Igi Kérésì ni!"

"Gbogbo pósí ni igi!"

Mo tú okùn, mo ṣí aṣọ, mo gbé igi náà dúró. Ẹnì kan nínú èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò tilẹ̀ wò ó. "Ẹ lè fi igi tàn mí. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ní ìkángun pákó tó kọjú sí òkun. Àwọn obìnrin méjì gbé e dìde, a rìn débẹ̀. Mo pè lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, ó gé. Ìyá mi di ọwọ́ aṣọ mi mú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé.

"Olú, ṣé ìwọ ni?"

"Ìyá, ebi ń pa mí! Àwọn ènìyàn yìí ò fún mi ní oúnjẹ láti àná, wọ́n ní àfi tí wọ́n bá là mí tán."

"Ṣé ìwọ ni lóòótọ́?"

"Ta ló tún ń pariwo oúnjẹ báyìí nílé wa?"

Ìyá mi dá fóònù padà fún mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó sì là á mọ́ mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. "Ìwé tí o kà! Ìwé tí o kà! Níbo ló gbé ọ dé?" N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Aago méjì ti fẹ́ẹ̀ lù. A gbé igi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tú báàgì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn bọ́ọ̀lù dídán náà kọ́, ríbọ́ọ̀nù búlúù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yẹ́lò láàárín. Ìyá Ìjọ mú bọ́ọ̀lù kan, ó yí i wò.

"Ọmọ mi, ṣé àlòkù ni wọ́n tà fún ọ? Oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀."

"Ìyá, tuntun ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Àwa tí iyọ̀ òkun ń bá wa ṣá aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń tà á lówó!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá mi so ó lọ. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, a parí. Igi náà tutù lójú, ó sì rí bí ti inú àwòrán ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́. Ó ku ìràwọ̀ orí rẹ̀ nìkan. Nígbà náà ni ìyá mi dìde, ó tú gèlè pupa orí rẹ̀, ó gun àga, ó sì wé e mọ́ ṣóńṣó igi náà.

"Ìyá, kò bá àwọn yòókù mu!"

"Kò gbọdọ̀ bá wọn mu. Funfun àti ewé ni mo rí lórí ọkọ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára ọmọ mi. Pupa ni n óò rí níhìn-ín."

Kò sí àkókò fún àríyànjiyàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìyá mi tó dúró tì í. Mo sáré lọ sí ìkángun pákó. Àwòrán náà ń yí, ó ń yí, kò lọ. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lọ. Èsì kò wá. Mo dúró síbẹ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pè mí pé ẹ̀gbọ́n mi ti jáde nínú iṣẹ́ abẹ, ó sì ti ń béèrè oúnjẹ.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni mo padà, inú ọkọ̀ Akin náà ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, bí a bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó là ń wá."

Mo gba ọsibítù kọjá kí n tó délé. Bùọ̀dá Olú jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti múra láti ṣàlàyé gèlè pupa náà.

"Bùọ̀dá, Ìyá ló ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo sọ fún wọn."

"Mo ti rí igi. Ìgbà wo ni irun Ìyá funfun tó báyìí?"

Ó fẹ àwòrán náà gbòòrò, ó nà án sí mi. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa, kò sí ọ̀kan nínú wa tó rí orí ìyá wa láìsí gèlè. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, gbogbo orí rẹ̀ funfun bí òwú, irun iwájú rẹ̀ sì ti ń já. Èmi ni mo ya àwòrán náà. Mo mọ ìṣẹ́jú tí bọ́ọ̀sì gbéra, mo mọ iye ẹ̀wù ìléfòó tó wà nínú ọkọ̀, mo sì mọ ọkọ̀ tó da omi sí mi lára. Mo dúró níwájú ìyá mi, mo kọjú fóònù sí i, n kò sì rí i.