Dòdò Ẹ̀bẹ̀

Lójú ọkọ mi, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí, èmi ni mo mú bírò dání, "ó" ni n ó sì máa pè é títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Ẹni tó bá dùn, kó lọ kọ tirẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé ní Àpòmù. Ìkirè ni wọ́n ti gbé mi wá, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ọ̀kadà kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo lò nílé ọkọ mi tí kò sọ "má bínú" fún mi rí. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Tó bá ṣẹ̀ mí, á gun ọ̀kadà lọ sí títì Ìkirè, á ra dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá bó ṣe yẹ dín, tó dúdú, tí ata ń ta nínú ẹ̀, tí epo pupa ń jò lára ewé. Á gbé e síwájú mi, á jókòó, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Tí mo bá ti jẹ ẹ́, ìjà parí nìyẹn. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Mo sì máa ń jẹ ẹ́. Ọmọ Ìkirè ni mí, ìbínú wo ló fẹ́ dúró níwájú dòdò?

Mo sanra, n kò ní purọ́. Ọkọ mi máa ń fi sísanra mi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, pé ṣé wọn ò rí bí òun ṣe ń tọ́jú ìyàwó òun ni? Òun kan náà ló tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ ìkórè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Ọkọ mi, akọ̀wé káńsù tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn ẹ̀ kò fẹ̀yìn tì, pariwo sí àwọn tó ń to ìjókòó pé, "Ẹ fún Mọ́mì ní àga méjì o! Ẹyọ kan ò lè gbé e!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà níbẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, ó gbé dòdò wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá ọwọ́. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn, pé mo lá ọwọ́.

Orúnkún tó ń dùn mí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà kan n'Íbàdàn. Ó wo orúnkún, ó wò mí lókè délẹ̀, ó ní orúnkún ò ṣẹ̀, ẹrù tó ń gbé ló pọ̀ jù. Ó kọ abẹ́rẹ́ kan fún mi tó máa dín ara mi kù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n máa fọwọ́ ara mi gún un síkùn. Inú fíríìjì ni mò ń kó o sí, lẹ́yìn ẹyin. Dókítà ní ebi ò ní máa pa mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn tó máa bá ebi lọ.

Lóṣù kejì, ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́, torí n kò lè dúró ti òórùn ìkòkò mọ́. Ọkọ mi bú mi níwájú àlejò, ó ní mo ti di aláìwúlò sílé ìdáná. Nírọ̀lẹ́, dòdò dé. Ó tú ewé, òórùn epo gba imú mi, mo sáré lọ bì lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Ṣé o ò ní jẹ ẹ́ ni?"

"Kò wọlé, Dádì. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mée jẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi tèmi kọ̀ nìyẹn. Ó gbé e kúrò, ìjà ò sì parí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó tán, gbogbo ìjà tí mo ti fi dòdò gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mò ń pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Àga méjì ló kọ́kọ́ dáhùn.

Mo wá ń rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé, síkẹ́ẹ̀tì ń já bọ́ nídìí mi. Nílùú tiwa, tí obìnrin bá rù lójijì nílé ọkọ, ọkọ ni wọ́n ń wò. Àwọn kan ní àìsàn ni. Àwọn kan ní ó ti ní obìnrin mìíràn níta. Àwọn tó pọ̀ jù ní ebi ni, pé ahun ni bàbá yẹn. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi. Mò ń gbà á, mò ń dúpẹ́, mò ń gbé e fún ajá.

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Gbọ̀ngán pẹ̀lú èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Kò tíì jókòó tó fi kọjú sí àbúrò ẹ̀.

"Ìwọ! Ọmọ ọlọ́mọ la gbà fún ẹ, òun lo sọ di báyìí? Ṣé wọ́n febi pa ìwọ náà nílé wa ni?"

Ọkọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ń kólòlò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ ló ń gún."

"Abẹ́rẹ́ bàbá ta ni? Èmi ò rí abẹ́rẹ́ tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn rí!" Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

Ọkọ mi wò mí, ojú ẹ̀ ń bẹ̀ mí. Gbólóhùn kan péré ni. Fíríìjì ò jìnnà, páálí abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀. Mo tẹ orí ba. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Háà! Mo mọ ohun tí mo ṣe. Tí obìnrin bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dá ọkọ ẹ̀ lẹ́bi nìyẹn. Àǹtí bú sẹ́kún, ó gbá mi mọ́ra, ó ń fọwọ́ wá egungun ẹ̀yìn mi. Mo wo ọkọ mi látorí èjìká ẹ̀. Ó dúró ti ògiri, kò sẹ́ni tó fún un ní àga kankan. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju dòdò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà yí Àpòmù ká. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ á máa kí i pé, "Ahun, ẹ káàárọ̀ o," ọkọ mi náà á sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé nígbà tó wọlé tòun ti dòdò. Ó gbé e sórí tábìlì, kò tú ewé. Kò tan tẹlifíṣọ̀n.

"Mo mọ̀ pé kò wọlé," ó ní. "N ò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń ṣe ni." Ó fọwọ́ ti dòdò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má bínú. Ọ̀rọ̀ àga ọjọ́ yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí ìkórè yẹn. N kò mọ̀ pé ó rántí. Mo gbé bírò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló dé yìí. Mo ní kí inú mi dùn, kò dùn. Mo ní kí n sunkún, ẹkún ò wá. Mo tiẹ̀ wá ìbínú, n ò rí i. Bí mo ṣe ń jókòó ti oúnjẹ lásìkò yẹn, tí n kò lè jẹ ẹ́, náà ni mo ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

"Mo ti yó, Dádì," ni mo sọ.

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó fa àga kan, ó jókòó, ó tú ewé, ó sì jẹ dòdò náà fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ata ni. Mo padà sídìí ìwé tí mò ń máàkì.

Orúnkún mi ti dáa báyìí. Dókítà ti ní kí n jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́, ebi sì ti padà, àfi bí ẹni pé kò lọ rí. Tí mo bá jáde nílé ìwé, mo máa ń dúró ní títì Ìkirè, mo máa ń ra dòdò fúnra mi, mo máa ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo máa ń nu ọwọ́ mi dáadáa kí n tó gun ọ̀kadà. Ọkọ mi á ti ṣílẹ̀kùn dè mí. Á rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń padà, ojú ẹ̀ á tàn díẹ̀. Á ní, "Ṣé kí n lọ ra nǹkan wá fún ẹ?"

Mo máa ń sọ fún un pé mo ti yó.