Ẹṣin Tó Fi Ìka Kan Kúrú

"Ẹ jẹ́ kó mí ná," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń wí kí wọ́n tó wọn ẹṣin. Àwọn ló ń kọ ẹṣin tí akọ ẹṣin òyìnbó àti abo ẹṣin Haúsá bí sínú ìwé ní Àkúrẹ́. Èyí tí kò bá ga tó kì í wọ ìwé náà, èyí tó bá sì wọ̀ ọ́ ló ń pa owó gidi.

Lọ́dún tí ebi mú, wọ́n fẹ́ ta ọmọ ẹṣin tiwọn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó fi ìka kan kúrú.

"Bàbá, ẹ ṣáà kọ ọ́," ni oníbàárà tó fẹ́ rà á bẹ̀ wọ́n. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Ọkùnrin náà lọ. Alápatà kan láti Oǹdó ló rà á níkẹyìn. Ìyàwó wọn fi owó ẹṣin náà ra ìrẹsì sè, ó gbé tiwọn lọ bá wọn ní ilé ẹṣin tó ṣófo. Wọ́n ní kó pín in fún àwa ọmọ. A jẹ ẹ́ tán.