Ìwé Ọlọ́rọ̀ Tí Kò Dárúkọ Ìyá Mi

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìwé nípa ọ̀rọ̀ owó àti bí àwọn oníṣòwò ṣe là ni mo ń kà. Èyí tí mo parí lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú débi pé ó kù díẹ̀ kí n fà á ya. Ọmọ Ẹdẹ ló kọ ọ́, oníṣòwò aṣọ tí ilé wọn kángun sí tiwa. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ran òun lọ́wọ́. Irọ́ ló pa. Ojú mi ló ṣe.

Ìyá mi máa ń ra epo pupa ní ìlú Ara, wọ́n á tà á níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Àwọn àti àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi wa jọ ń dá èsúsú. Lọ́dún tí mo yege ìdánwò ilé ìwé àwọn tíṣà, owó tí wọ́n máa kó la fẹ́ fi san owó ilé ìwé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kàn wọ́n, ọkùnrin tó kọ ìwé yìí wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òun náà wà nínú èsúsú yẹn, òun ló sì máa kó kẹ́yìn.

"Ẹ gbà mí, màmá. Ẹ jẹ́ kí n kó tiyín, kí ẹ kó tèmi tó bá yá. Aṣọ tí mo fẹ́ rà, ẹlòmíràn ti ń ná an."

Àṣà wọn ni pé ẹni tó kàn lè yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn. Ìyá mi wò mí. Mo mirí pé rárá.

Wọ́n ní, "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fúnni láàárọ̀, a kì í ní kó máa lọ lọ́wọ́ òfo."

N ò ní purọ́ mọ́ ọn: nígbà tó kàn án, ìyá mi kó o pé. Àmọ́ ilé ìwé ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi. Ọdún méjì ni mo fi ru epo kí n tó rí òmíràn. Mo yan ìyá mi lódì. Bí wọ́n bá pè mí, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n á ní, "Má bínú. Bó bá là, á rántí wa."

Ojú ewé méjì ló fi dúpẹ́ níwájú ìwé rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ọba, lọ́wọ́ ọ̀gá báńkì, títí dórí dírẹ́bà. Mo wá orúkọ ìyá mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin yìí ló yẹ kí n yàn lódì. Ìyá mi ni mo yàn, wọ́n sì kú kí n tó bẹ̀ wọ́n.