Bí Ohùn Bàbá Àgbà Ṣe Ń Kólòlò Nínú Pálọ̀ Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìlíṣàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà mi: èyí da tíì sórí laptop, ìyẹn gbàgbé password. Ẹ sì mọ̀ pé Linux ni èmi ń lò lórí laptop mi, kì í ṣe Windows tó wọ́pọ̀. Bùrọ̀dá Ganí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kì í jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní gbogbo ayé ń gba títì ọ̀dà, èmi nìkan ni mò ń gba inú igbó. Mo máa ń dá a lóhùn pé inú igbó ni ọ̀nà àbùjá wà.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá àgbà, ọkọ wọn, ti kú kí wọ́n tó bí mi. Obì gbàǹja ni bàbá ń tà, Kánò ni wọ́n sì ń kó o lọ. Nígbà yẹn tí kò sí fóònù, tí bàbá bá pẹ́ lọ́hùn-ún, wọn kì í kọ lẹ́tà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán dírẹ́bà tó ń bọ̀ nílé. Ṣé ẹ rí voice note tẹ́ ẹ rò pé ayé òde òní ló mú un dé? Bàbá àgbà mi ti ń ṣe é tipẹ́!

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìyá àgbà tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ láti kékeré mi. Nígbà tí mo wálé fún ọdún Iléyá, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá ń rántí bàbá báyìí, àwọn ń rí ojú wọn, àwọn ń rí ẹnu wọn tó ń mì, ṣùgbọ́n àwọn ò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ohùn náà ti ń sá lọ lórí àwọn, etí àwọn náà sì ń di lójoojúmọ́. Kí n ṣáà jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí etí tó di tán.

Èdè Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni ìyá àgbà fi sọ ọ́ o, èmi ni mo tú u fún ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ṣèlérí fún wọn níbẹ̀.

Mo yá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì bàbá onílé mi ní Ìlíṣàn, mo fa ohùn inú rẹ̀ sórí laptop. Kásẹ́ẹ̀tì ti gbó, ariwo “ṣṣṣ” ti bo ohùn bàbá mọ́lẹ̀. Mo wá rí ètò kan lórí Linux mi tó lè máa sẹ́ ariwo náà kúrò bí ohùn ṣe ń jáde, tí èmi náà á sì máa yí i síwá sẹ́yìn títí tí etí ìyá àgbà á fi gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé: kí ló dé tó ò kàn gbé e sórí flash? Mo ti dán an wò nígbà kan tí mo já wálé! Nígbà tí kò sí èmi tí mò ń tún un ṣe bó ṣe ń lọ, ìyá àgbà ní òjò ni àwọn ń gbọ́. Wáyà ńkọ́? Ewúrẹ́ bàbá onílé mi ti fẹsẹ̀ kọ́ wáyà lọ́jọ́ tí mò ń fa ohùn yẹn, ó sì fa ihò ara laptop mi ya. Ẹ bá mi kí ewúrẹ́ náà. Sípíkà laptop fúnra rẹ̀ sì rèé, bí ẹ̀fọn ló ń ké létí ìyá àgbà.

Àfi àwọn sípíkà ńlá tó wà ní pálọ̀ wa! Bùrọ̀dá Ganí ló so wọ́n mọ́ àpótí kékeré kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tá a ń pè ní media center. Òun ló ń gbé fíìmù àti wàásù jáde fún wa, ó sì lè gba ohùn láti orí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ Wi-Fi. Mo sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n múra, pé nǹkan kékeré ni. Ẹnu mi yá jù, ẹ ò rí i?

Mo délé lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ti ń jò wọ yàrá ìkẹ́rù màmá mi, àwọn ló gba òwò obì lọ́wọ́ ìyá àgbà, wọ́n bá ti kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ obì wá sí pálọ̀. Wọ́n tò wọ́n léra níwájú tẹlifíṣọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ewé tútù ń yọ lẹ́nu wọn. Ta ló máa wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì nílé wa? Tó o bá dàgbà sílé olóbì ní Ṣàgámù, apẹ̀rẹ̀ obì ni àga, òun náà ni tábìlì. Mo gbé laptop mi lé ọ̀kan lórí, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Laptop ò tiẹ̀ rí àpótí náà rárá! Mo wá a, mo wá a. Àṣé Bùrọ̀dá Ganí ti ya Wi-Fi ilé sí méjì, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún àlejò, ó sì fi media center sọ́dọ̀ àlejò. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun ò rántí. Mo dá àpótí padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílé, wọ́n ríra wọn.

Wọ́n ríra wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Laptop ní òun ń kọrin, sípíkà dákẹ́ lọ gbári. Èyí ẹ̀bi mi ni: firewall tí mo fi ti ilẹ̀kùn laptop mi pa mọ́ àwọn olè ló ti ilẹ̀kùn mọ́ media center náà. Mo ṣí ojú kékeré kan fún un. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sípíkà bú jáde! Mo fò sókè, mo pariwo pé ìyá àgbà, ẹ máa bọ̀!

Ìyá àgbà ti yí gèlè padà, wọ́n kun tìróò. Fún kásẹ́ẹ̀tì o! Wọ́n jókòó sórí àga tó kọjú sí sípíkà, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo tẹ̀ ẹ́.

“Asà... mù alé... Rà... bí... èmi... Kú...”

Ó já. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún já. Ìyá àgbà wojú mi, wọ́n wo sípíkà, wọ́n ní, “Mùínátù, kí ló ṣe é? Ọkọ mi kì í ṣe akólòlò o!”

Ẹ̀rín pa Bùrọ̀dá Ganí débi tó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín pa èmi náà, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí n rín in jáde. Mo ní kí laptop máa kó ohùn jọ díẹ̀ kó tó rán an. Kò gbọ́. Mo yí ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà padà. Kò gbọ́. Mo pa gbogbo wọn, mo tún wọn tàn. Bùrọ̀dá Ganí ní tí n bá lè fi Linux yìí sílẹ̀ kí n ṣe bí ọmọ èèyàn, bàbá á ti sọ̀rọ̀ tán. Orí mi gbóná, mo fẹ́ sọ kòbákùngbé ọ̀rọ̀ sí i, àfi bí mo ṣe rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n bá dìde. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní kí n fi í sílẹ̀, pé bóyá bàbá ò fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Wọ́n tú gèlè wọn bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá lọ. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí! Mo lé nǹkan bí ọmọ ogun, mi ò sì mọ ohun tí mò ń lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún fi ohùn náà sí i, mo jẹ́ kó máa kólòlò lọ bẹ́ẹ̀, mo lọ po ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́yìnkùlé. Màmá mi àti àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wá ṣa obì. Ẹ mọ̀ pé obì ò ṣeé fi sílẹ̀: èèyàn gbọ́dọ̀ máa tú u, kó yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, kó pààrọ̀ ewé rẹ̀, kó bu omi wọ́n ọn. Wọ́n gbé laptop mi sórí àga, wọ́n ń gbé àwọn apẹ̀rẹ̀ lọ síta lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ṣì ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú pálọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo rò pé àlejò ló wọlé! Mo sáré wọlé, mi ò bá ẹnì kankan. Bàbá àgbà ni. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o!

Kí n tó pe ìyá àgbà, àwọn obìnrin ti ń kó apẹ̀rẹ̀ padà wọlé. Bí apẹ̀rẹ̀ kejì ṣe kanlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí wọ́n to ìyókù lé e, ó di “Rà... bí... mo...”

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Mo wo apẹ̀rẹ̀. Mo wo àpótí lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀. Omi! Wi-Fi ò lè la omi kọjá dáadáa, mo mọ ìyẹn, mo máa ń sọ ọ́ fáwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má gbé Wi-Fi sẹ́yìn àgbá omi. Kí sì ni obì tútù nínú ewé tútù tí wọ́n tún bu omi wọ́n? Ògiri omi ni màmá mi mọ sáàárín laptop àti media center, èmi sì gbé laptop lé ògiri náà lórí!

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kó o jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá mi wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní látọjọ́ tí àwọn ti ń ta obì, kòkòrò àti oníbàárà nìkan ni àwọn mọ̀ tó ń jẹ ẹ́, kí ló kan obì kan Wi-Fi? Mo ní kí wọ́n kàn wò ó ni. Bùrọ̀dá Ganí fúnra rẹ̀ gbé èyí tó wà lókè jù, ó fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni mò ń pa. Ó gbé e jáde, ohùn tọ́ díẹ̀. Ó gbé e wọlé, ohùn já. Ó ṣe é títí tí òógùn fi bò ó, kò sọ ọ̀rọ̀ Linux mọ́ lọ́jọ́ náà. Màmá mi ní ó dáa, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn ò sì gbọdọ̀ kan obì àwọn, ká dúró di ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìrun àṣàrí, a kó gbogbo rẹ̀ síta. Mo lọ bẹ ìyá àgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò wá. Nígbà tó yá, wọ́n yọjú, kò sí gèlè, kò sí tìróò, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti fẹ́ padà. Mo tẹ̀ ẹ́.

“Asàláámù aléékún, Ràbí. Èmi ni o. Ara mi le. Bàbá Kúbú ni kó o máa bá àdúrà lọ fún.”

Ràbí ni orúkọ ìyá àgbà, Kúbú sì ni àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá àgbà di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo rọra dín dídún ohùn náà kù, mo fi ìwúwo díẹ̀ kún un, wọ́n ń mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ará ilé, wọ́n ní oorun Kánò ò dùn. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ràbí, ṣé o ò tíì kó obì kún pálọ̀ fún mi báyìí? Mo mọ̀ ọ́. Tí mo bá dé, ṣé n ó ríbi jókòó?”

Ìyá àgbà pariwo, “Kò síbi tẹ́ ẹ máa jókòó o! Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde! Mùínátù ló ní kí wọ́n kó o jáde!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, wọ́n ń na ọwọ́ sí sípíkà bí ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Màmá mi kọjú sí ògiri. Bùrọ̀dá Ganí ní eruku kó sí òun lójú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n pa á. Mo ní ó ṣì kù. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó kù, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ pa á, kí àwọn lè ní ohun tí àwọn á máa retí. Díẹ̀díẹ̀ ni ká máa gbọ́ ọ.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ mọ òwe Sókótó àti ṣòkòtò, mi ò ní pa á. Ohun tó ti mọ́ wa lójú jù ni ojú wa kì í rí mọ́. Kẹ́ ẹ tó tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó dúró sáàárín. Ẹ sì lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín bóyá kásẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ aṣọ, nígbà tí etí ṣì ń gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti dí Wi-Fi yín lọ́nà rí? Ta ló ní ohùn ẹni rẹ̀ kan lórí kásẹ́ẹ̀tì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa jọ kà á, màá máa dá yín lóhùn tí mo bá padà wọlé. Màmá mi ló ń pariwo orúkọ mi báyìí: wọ́n ní kí n wá bá àwọn kó obì síta, Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀.